Kí Omi Tó Bo Vauclère

Ajé, 4 oṣù Kejì 1952

Kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà láti ìlú wá. Awakọ̀ lọ́rì ní kí n máa bá òun wo ẹ̀gbẹ́ òkè, kí n sọ̀rọ̀ tí mo bá rí ilà funfun. Ilà náà ni àwọn ẹnjiníà fi ọ̀dà fà sára àpáta yí gbogbo àfonífojì ká. Ibẹ̀ ni omi máa dé nígbà tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn ìsédò, ògiri ńlá tí wọ́n fi dí odò. A kọjá lábẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ adágún ni mo ti ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adágún kò tíì sí.

Ọgọ́ta àpótí òfìfo ni mo kó wá. Ọ̀gá mi nílé àkójọ ìwé ìjọba, Ọ̀gbẹ́ni Thiévenaz, ní wọ́n máa tó. "Kó gbogbo ìwé abúlé Vauclère," ó ní, "látorí èyí tó pẹ́ jù dórí èyí tí tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ, kí o sì kúrò níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin." Ó tún béèrè ibi tí ìwé tèmi dé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ ìtàn àwọn àfonífojì wa. Mo ní ó ń lọ.

Ìlà mẹ́rin péré ni Vauclère ní nínú rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kejì

Ilé Ìyá Zélie Barrandon ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, kò sì lọ́kọ rí. Ó ní ewúrẹ́ mẹ́ta, ààrò kan, àti yàrá òkè kan tó ń rùn bí ápù, torí ibẹ̀ ló ń tẹ́ ápù sí nígbà òtútù. Nígbà tí mo jí, kùrukùru ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó dúró sáàárín yàrá bí àlejò tí kò mọ ibi tó máa jókòó.

Tíṣà Anselme Courtaud, tó tún jẹ́ akọ̀wé abúlé, ló ṣílẹ̀kùn yàrá ìwé fún mi.

"Ẹ̀yin ni Omidan Ìwé," ó ní. "Wọ́n ní ẹ wá kó wa sínú àpótí."

"Ìwé yín ni mo wá kó, Tíṣà."

"Ìkan náà ni. Ohun tó bá ṣẹ́kù lára wa, ẹja ló ni ín."

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fi ọwọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀.

Sátidé, 9 oṣù Kejì

Òjò dídì láti àná. Kọfí tún ti wọ́n sí i. Gbòǹgbò igbó kan tí wọ́n yan ni Ìyá Zélie ń lú mọ́ ọn, ó sì ní bí mo bá ti pa ojú dé nígbà tí mo bá ń mu ún, mi ò ní mọ ìyàtọ̀. Mo pa ojú dé. Mo mọ ìyàtọ̀.

Ìwé ìrìbọmi ọdún 1652 kò sí lórí pẹpẹ. Mo wá a fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo sọ fún Tíṣà, ó kọ́kọ́ họ orí, lẹ́yìn náà ló ní kí n tẹ̀ lé òun. Ilé olórí abúlé la lọ, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú wàràkàṣì sí. Ibẹ̀ ni ìwé náà wà, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e lé wàràkàṣì tútù lórí kí omi rẹ̀ lè máa jò.

"Ó wúwo dáadáa," ni ìyàwó olórí abúlé wí. "Kò sí òkúta tó ń tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Màmá, orúkọ àwọn baba ńlá yín ló wà nínú rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́."

Mo bá a wá òkúta lẹ́bàá odò kó tó gbà láti yọ ọ́ fún mi. Ojú ìwé méjìlá péré ló bàjẹ́. Gbogbo àwọn tó kù ń rùn bí wàrà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé kà. Mo fò fún ayọ̀ nínú yàrá ìwé níbi tí ẹnì kankan kò ti rí mi.

Ọjọ́rú, 13 oṣù Kejì

Orúkọ ni mo ń kà láti àárọ̀. Kò sí ẹni tí wọn kò kọ sílẹ̀ níbí láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún: wọ́n bí i, ó gbéyàwó, ó kú. Lọ́sàn-án, ooru ààrò mú kí oorun kùn mí, mo gbé orí lé tábìlì, mo sì rí i pé omi ti dé. Ó mọ́ gaara. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé láìpariwo, ó gbé àwọn ìwé sókè lórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣí sílẹ̀ nínú omi bí ìyẹ́. Orúkọ ń jáde lára wọn, wọ́n ń wẹ̀ lọ sójú fèrèsé. Ẹ̀rù kò bà mí. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ nígbà tí mo jí ni pé ẹ̀rù kò bà mí.

Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ń hanrun sórí ìwé ìgbéyàwó," ó ní. "Àwọn tọkọtaya yìí ti gbọ́ irú rẹ̀ rí."

Ajé, 18 oṣù Kejì

Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ìsédò wá lónìí, Ọ̀gbẹ́ni Roquebert. Ó jókòó nínú kíláàsì, ó fẹ̀yìn ti pátákó ìkọ̀wé, ó sì pe àwọn ìdílé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa hú àwọn òkú kúrò ní ibi ìsìnkú, wọ́n á tún wọn sin sí abúlé tuntun lókè. Ṣùgbọ́n òkú tó bá ní àkọsílẹ̀ nìkan ni.

"Òkú tí kò bá ní ìwé, a ò lè gbé e," ó ní.

"Ṣé kó kọ lẹ́tà ni?" Tíṣà béèrè. Roquebert kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń fi pẹ́ńsù gbá tábìlì. Mi ò rò pé ó burú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ìyá Zélie kò wọlé lọ bá a. Nírọ̀lẹ́ ló pè mí síbi tó ti ń fún wàrà ewúrẹ́. Kò wo ojú mi. Ẹ̀yìn ewúrẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ìwọ lo ń ka ìwé. Bá mi wá ìwé ọmọ mi."

"Mi ò mọ̀ pé ẹ bímọ, Ìyá."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ìyá mi àti agbẹ̀bí. Àwọn méjèèjì ti lọ. Ọdún 1893, oṣù Kẹta. Ó ké lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin ni, wọ́n ní. Wọ́n gbé e jáde láti lọ wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì padà wá sọ pé ó ti kú. Ìyá mi sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìhà àríwá ibi ìsìnkú kó tó di pé mo lè dìde."

Ó ń fún wàrà náà lọ. Ìró rẹ̀ nínú garawa kò dáwọ́ dúró rárá.

"Ta ni bàbá rẹ̀?" Ìbéèrè òmùgọ̀, iṣẹ́ ló kọ́ mi.

"Ẹni tó lọ," ó ní.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Kejì

1893. Nínú ìwé ìbí: ìbí méjì ní oṣù Kẹta, kò sí Barrandon. Nínú ìwé ikú: àgbàlagbà mẹ́ta. Mo wo oṣù Kejì, mo wo oṣù Kẹrin, mo wo gbogbo ọdún náà àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kò ní in. Mo sọ fún Ìyá Zélie nídìí ààrò.

"Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó fi ápù kan síwájú mi, ó ní kí n jẹun.

Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Kejì

Tíṣà lọ bá Roquebert sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tó sọ. Roquebert ní kí òṣìṣẹ́ méjì gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri àríwá náà fún wákàtí kan, láìkọ ọ́ sí ìwé kankan. Ará Ítálì ni wọ́n. Èyí tó dàgbà nínú wọn, Beppe, ṣí fìlà nígbà tó rí ohun tí Ìyá Zélie gbé dání: àpótí ìránṣọ rẹ̀ ni, ó ti kó òwú kúrò nínú rẹ̀, ó sì fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ.

Oòrùn ràn, èyí tí kò wọ́pọ̀. Òjò dídì ń yọ́ lórí ògiri. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ó fi dé ìbàdí wọn. Gbòǹgbò igi, òkúta, àfọ́kù ìkòkò kan.

"Ẹ gbẹ́ sápá ọ̀tún díẹ̀," ni Ìyá Zélie wí.

Wọ́n gbẹ́ apá ọ̀tún. Wọ́n gbẹ́ apá òsì. Wákàtí kan ti di mẹ́ta, Roquebert sì wà lókèèrè, ó kẹ̀yìn sí wa bíi pé kò mọ̀. Nígbà tó yá, Beppe jáde kúrò nínú kòtò, ó nu ọwọ́, ó sì rọra bá a sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣí rí, mo máa ń mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ yìí, ẹnì kankan kò ṣí i rí."

Ìyá Zélie pa àpótí rẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi," bíi pé wọ́n bá a gbé igi ìdáná wálé.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Kejì

Ìyá Zélie ti sọ fún olórí abúlé pé òun kò ní kó lọ sókè. Ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún un, tó ní iná mọ̀nàmọ́ná àti omi ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ lọ wò ó. Tíṣà wá bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Zélie, ẹ ò mọ̀wẹ̀."

"Mi ò fẹ́ wẹ̀. Ó wà níbì kan lábẹ́ ilẹ̀ yìí, ìyá mi ṣi ibi tó wà sọ fún mi ni. Mi ò ní fi òun nìkan sílẹ̀ sábẹ́ omi."

"Ọlọ́pàá máa gbé yín jáde."

"Kí wọ́n wá. Mo mọ bàbá gbogbo wọn, mo sì mọ ohun tí bàbá wọn ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde sójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ wò ó, kì í ṣe eré ló ń ṣe."

Ajé, 3 oṣù Kẹta

Mo bá lọ́rì padà sí ìlú pẹ̀lú àpótí méjìlélógún. Yìnyín lójú ọ̀nà. Gbogbo ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ Beppe ń dún létí mi: ẹnì kankan kò ṣí i rí. Mo ń rò ó bíi pé ara ẹ̀kọ́ mi ni. Ìwé kò ní ikú náà. Ilẹ̀ kò ní ikú náà. Àwa òpìtàn, nígbà tí ẹlẹ́rìí méjì bá dákẹ́ bákan náà, ó yẹ ká gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí kò sí níbì kankan lè jẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Mi ò bọ́ ẹ̀wù òtútù mi. Mo lọ tààrà sí àjà kẹta nílé àkójọ ìwé wa, níbi tí àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n jọ̀wọ́ fún ìjọba wà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́sàn-án ni obìnrin yẹn ti ń sunkún, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

"Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta 1893. Ọmọbìnrin, ọmọ ọjọ́ méjì. Philomène Gros, agbẹ̀bí ní Vauclère, ló gbé e wá. Aṣọ òtútù kan, aláwọ̀ eérú. Ara rẹ̀ le. Orúkọ tí a fún un: Agathe Mars."

Mars ni wọ́n ń pe oṣù tí wọ́n gbé e dé. Irú orúkọ tí àwọn akọ̀wé máa ń fún wọn nìyẹn.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gán lẹ́tà agbẹ̀bí mọ́ fáìlì náà. "Zélie Barrandon ni ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ náà wà láàyè. Ìyá tó bí Zélie ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìtìjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sí ibi tó jìnnà jù."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè ń bọ́ sórí eruku, eruku náà sì ń fò lọ sókè, kì í ṣe sísàlẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Mo ka ìyókù. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan. Ó gba ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé. Ó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Lọ́dún 1920, ó fẹ́ oníbúrẹ́dì kan nílùú Morval, Tissandier lorúkọ rẹ̀. Fáìlì parí síbẹ̀. Morval kò ju ogójì kìlómítà lọ sí Vauclère.

Mo gbé e lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Thiévenaz. Ó wò ó, kò ṣí i.

"Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ka èyí?"

"Ọmọ náà nìkan, sà."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Rárá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀."

"Nítorí náà, o kò kà á." Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀ bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n fọ́ ilé kan ní ojú mi. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Vauclère, Odile. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí o má kọ̀wé sí ẹni tó ni fáìlì, tí ó bá ṣì wà."

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìlú Morval láti béèrè bóyá ó ṣì wà.

Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Mo ti padà sí Vauclère láti Ọjọ́bọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹnu ènìyàn lè wúwo báyìí.

Lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, Ìyá Zélie já òdòdó kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tó kọ́kọ́ ń yọ lẹ́yìn òjò dídì, ó sì ní kí n bá òun dé ibi ìsìnkú. Ọjọ́ ìbí ọmọ náà ni. Kòtò ṣì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dúró létí rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi òdòdó sí. Ó wò mí.

"Níbo lo rò?"

Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni, ó sì tún jẹ́ òótọ́. Ó fi wọ́n sórí ògiri. Afẹ́fẹ́ gbé wọn lọ kí a tó dé ẹnu géètì.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Wọ́n ń gé igi. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ odò ti di òfìfo. Àpótí mẹ́tàdínlógójì ti kún.

Ajé, 17 oṣù Kẹta

Lẹ́tà láti Morval. Agathe wà láàyè. Opó ni, ó ní ilé búrẹ́dì létí afárá. Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sì ya mẹ́rin. Èyí tó lọ kò ju ìlà mẹ́ta: pé ìwé kan wà nílé àkójọ ìwé wa tó jẹ́ tiẹ̀, pé kò pọn dandan kó wá kà á, àti pé tó bá fẹ́, mo máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù.

Ajé, 24 oṣù Kẹta

Kò fèsì. Wọ́n ti ń ṣí òrùlé àwọn ilé. Láti ojú fèrèsé mi, mo lè rí inú yàrá àwọn ènìyàn: bébà ara ògiri aláwọ̀ búlúù, ibi tí àwòrán kan ti wà, àmì ìga àwọn ọmọ lára òpó ilẹ̀kùn. Òjò ń rọ̀ sórí gbogbo rẹ̀. Nígbà míì mo máa ń rò pé àwa la wà nínú omi, pé ojú omi ni ọ̀run funfun yìí, àwọn tó wà lókè sì ń wò wá látinú ọkọ̀ ojú omi.

Ọlọ́pàá wá, ọ̀dọ́ ni. Ìyá Zélie fún un ní ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní òun máa padà wá lọ́jọ́ keje oṣù Kẹrin, kì í sì í ṣe òun nìkan.

"Wá pẹ̀lú ebi," ni Ìyá wí fún un.

Ẹtì, 28 oṣù Kẹta, ní ìlú

Ó dé ní aago méjì. Obìnrin kúkúrú, apá rẹ̀ le, ó fi síkáàfù dúdú wé orí. Mo mọ̀ ọ́n kó tó sọ orúkọ: bó ṣe gbé àpò rẹ̀ sórí tábìlì, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, bí Ìyá Zélie ṣe máa ń ṣe sí garawa wàrà nìyẹn.

Mo gbé fáìlì síwájú rẹ̀, mo lọ jókòó sí tábìlì tèmi. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí lẹ́tà agbẹ̀bí, ìka náà dúró. Ẹni méjì míì wà nínú yàrá náà, wọ́n ń wá ìtàn ìdílé wọn, wọ́n ń ṣí ìwé pẹ̀lú ìró. Lẹ́yìn náà, ó pè mí.

"Wọ́n sọ fún mi pé ó kú nígbà tó ń bí mi," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Obìnrin tó tọ́ mi máa ń sọ ọ́ tí inú bá ń bí i. Pé èmi ni mo pa á."

"Kò kú, Màdámù."

"Ṣé ó wà?"

"Mò ń gbé nílé rẹ̀."

Ó wò mí bíi pé mo gbá a létí.

"Ṣé ó mọ̀?"

"Rárá. Ìwé yín ni. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí," ó ní. "Nígbà tí wọ́n bá béèrè ìyá mi lọ́wọ́ mi, mo máa ń sọ pé ẹ jẹ́ ká jẹun." Ó pa fáìlì dé, ó so okùn rẹ̀ ní ìdì kan náà bó ṣe bá a. "Ẹ má sọ fún un. Tí ẹnì kan bá máa sọ ọ́, èmi ni. Mi ò sì ní kí ẹ retí mi."

Ọjọ́rú, 2 oṣù Kẹrin

Àpótí mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mo ń retí.

Ẹtì, 4 oṣù Kẹrin

Wọ́n sọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Mo bá Tíṣà jókòó lórí tábìlì àwọn ọmọ nínú kíláàsì tó ti ṣófo, a mu wáìnì tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ní ọdún méjìlélógún lòun ti ń kọ́ àwọn ọmọ Vauclère ní orúkọ àwọn adágún ilẹ̀ Faransé, pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé òun máa fi ọ̀kan kún un. Mo béèrè ibi tó ń lọ. Ó ní òun ń lọ sókè pẹ̀lú àwọn yòókù, pé wọ́n nílò ẹni tó máa kọ̀wé.

Sátidé, 5 oṣù Kẹrin

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi nǹkan kan kún un.

Bọ́ọ̀sì ọ̀sán ló gbé Agathe wá, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn tó máa gba ìsàlẹ̀. Ìyá Zélie ń sẹ́ wàrà nídìí ààrò. Agathe kan ilẹ̀kùn, ó sì wọlé. Búrẹ́dì kan wà nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ kú ilé," ó ní.

"Káàbọ̀. Tí o bá wá ra ewúrẹ́, mi ò tíì fẹ́ tà wọ́n."

"Wọ́n sọ lórí bọ́ọ̀sì pé ẹ wá ọmọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibi ìsìnkú."

Ìyá kò yíjú. "Òkúta ni wọ́n rí."

"Wọn ò lè rí i níbẹ̀. Kò dé ibẹ̀ rí. Morval ló wà. Ó ń ta búrẹ́dì."

Wàrà ń jò gba inú aṣọ asẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ìyá Zélie dúró títí ó fi jò tán. Ó gbé garawa kalẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yíjú, ó wo obìnrin náà láti ẹsẹ̀ dé orí, lẹ́yìn náà ó wo èmi, ó sì rí i lójú mi pé òótọ́ ni.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta."

"Aago mélòó?"

"Kò sí nínú ìwé."

"Aago mẹ́rin ìdájí," ni Ìyá wí. "Àkùkọ ilé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Òjò ń rọ̀, kì í ṣe òjò dídì, òjò gidi."

Agathe ṣì wà lórí ìdúró, àpò rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tó lè padà lọ.

"Ṣé wọ́n fún ẹ lóúnjẹ?" Ìyá béèrè.

"Kí lẹ wí?"

"Níbi tí wọ́n gbé ẹ lọ. Nígbà tí o wà ní kékeré. Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ?"

"Wọ́n ń fún mi," Agathe ní. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Kì í ṣe nígbà gbogbo."

Ìyá Zélie fa àga fún un. Ó bu wàrà gbígbóná sínú abọ́, ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e, ó sì tì í síwájú rẹ̀. Ó jókòó sí òdìkejì, ó ń wò ó jẹ. Agathe jẹ ẹ́. Ó jẹ gbogbo rẹ̀, láìgbé ojú sókè, omi ojú rẹ̀ sì ń kán sínú abọ́. Mo jáde lọ bá àwọn ewúrẹ́.

Àìkú, 6 oṣù Kẹrin

Wọ́n ti sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, àbí wọ́n dákẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò mọ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti òkè. Láàárọ̀, Ìyá Zélie ti di ẹrù: aṣọ méjì, ìkòkò kan, àpótí ìránṣọ. Òwú ti padà sínú rẹ̀. Ó ní òun ń lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Morval, kí òun wo ilé búrẹ́dì náà.

"O mọ̀," ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. "Lọ́jọ́ òdòdó, o mọ̀."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Mo bínú sí ẹ." Ó di kọ́là ẹ̀wù mi mú, ó bá mi ti bọ́tìnnì òkè. "Máa jẹun."

Tíṣà fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé ẹrù wọn dé ojú títì. Àwọn ewúrẹ́ tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó lé wọn padà.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Wọ́n ti ìlẹ̀kùn ìsédò ní aago mẹ́sàn-án. A dúró lórí òkè, gbogbo wa. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí a lè rí. Odò kàn ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sẹ́yìn. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dúró.

Ajé, 21 oṣù Kẹrin, ní ìlú

Mo lọ wo adágún náà lánàá. Omi ti dé ojú fèrèsé yàrá ápù. Kò sí afẹ́fẹ́, gbogbo òkè wà nínú rẹ̀ ní ìdojúdé. Mo padà sílé, mo fa ilà sórí ìlà mẹ́rin tí mo kọ nípa Vauclère, mo sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ ojú ìwé mọ́kànlá.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Karùn-ún

Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Tíṣà Anselme dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ilé tuntun ti ní olùgbé, àfi ti Ìyá Zélie. Ọ̀sẹ̀ kan tó wí ti di oṣù kan. Àwọn àgbà ní kò ní padà mọ́, pé wọ́n rí i lẹ́yìn tábìlì ilé búrẹ́dì ní Morval, tó ń bá àwọn oníbàárà jà nítorí owó kékeré. Roquebert ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè ilé náà. Tíṣà ní láti kọ ìdí tó fi ṣófo síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé abúlé, ìlà kan péré ló sì wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni Omidan Ìwé. Kí ni kí n kọ?"

Mo kọ̀wé sí Morval láti tọrọ àyè kí Tíṣà lè kọ òótọ́. Èsì dé láàárọ̀ yìí lẹ́yìn bébà tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì, ọwọ́ ìkọ̀wé méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kò dúró déédéé. Wọ́n ní kó kọ ọ́.

Nítorí náà, mo fi ránṣẹ́ sí i: "Ó ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin." Tíṣà máa fi tàdáwà kọ ọ́, yóò fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ìwé náà bá sì kún, èmi ni wọ́n máa gbé e wá fún.